Ẹlẹ́rìí Ni Ìwé Àtijọ́, Kì í Ṣe Àwòrò

  

Awuyewuye kan wà láàárín àwa ọmọ òrìṣà tí a ń gbé ní ilẹ̀ òkèèrè. Ó dá lórí àwọn ìwé àtijọ́ tí ó wà ní láíbìrì àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn ìwé tí ó ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé wọn jáde kúrò nínú yàrá tí a ti ń kà wọ́n. Apá kan nínú wa ní ohun tí òyìnbó kọ nípa òrìṣà kò lè ní láárí, nítorí pé àwọn tí ó kọ ọ́ kò tẹ Ifá, wọn kò sì kúnlẹ̀ ní ojúbọ rí. Apá kejì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́, ní ohun tí a bá ti tẹ̀ sínú ìwé láti nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́ ju ohun tí Bàbá tàbí Ìyá ń sọ fún wọn nínú ilé lónìí lọ.

Èrò tiwa ni pé apá méjèèjì ni ó ṣi ọ̀nà. Ẹlẹ́rìí ni ìwé àtijọ́. A kì í lé ẹlẹ́rìí jáde láìgbọ́ tẹnu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi ẹlẹ́rìí jókòó sí ipò adájọ́. Ṣe ni a ń pè é síwájú, tí a ń fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Àwọn tí ó sì yẹ kí ó ṣe iṣẹ́ náà ni àwa tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n, àwa tí a gbọ́ èdè, tí a sì mọ ohun tí a ń ṣe ní ìdí òrìṣà.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan bẹ̀rẹ̀. Ní ìlú Ulm ní ilẹ̀ Jámánì, oníṣòwò kan wà láyé ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Christoph Weickmann ni orúkọ rẹ̀. Ó fẹ́ràn láti máa kó ohun àràmàǹdà jọ láti ìdálẹ̀. Ní 1659, a tẹ ìwé kan jáde tí ó to àwọn ohun tí ó kó jọ náà lẹ́sẹẹsẹ. Nínú ìwé yìí ni a ti mẹ́nu kan pákó ọlọ́nà kan tí ó wá láti Àlàdá, ìlú tí ó wà ní Orílẹ̀-èdè Benin òde òní. Ìwé náà pe pákó yìí ní pákó ìrúbọ, ó ní ọba Àlàdá ni ó ń fi í bọ ohun tí ó ń bọ. Pákó náà ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Ulm títí di òní. Bí ọmọ awo bá fi ojú kan àwòrán rẹ̀, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè ohun tí ó jẹ́: ọpọ́n Ifá ni. Nínú gbogbo ọpọ́n Ifá tí a mọ̀ pé ó ṣẹ́kù sí ayé, òun ni àgbà wọn.

Ẹ wo ohun tí ìwé kan ṣoṣo yẹn ṣe. Ó pa ọjọ́ orí ọpọ́n mọ́. Bí kì í bá ṣe pé a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ní 1659, ẹnìkan lè dìde lónìí kí ó sọ pé àná ni a gbẹ́ ẹ, tàbí kí ó sọ pé Ifá kò tíì dé ẹkùn yẹn nígbà náà. Ṣùgbọ́n ojú ewé kan náà tí ó pa ọjọ́ orí mọ́ ni ó sọ orúkọ nù. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò ní babaláwo kankan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí yóò sọ fún un pé, "Ọpọ́n ni a ń pè é." Bí kò bá sí ìwé, a kì bá tí mọ bí ọpọ́n náà ti pẹ́ tó, bí kò bá sì sí ẹni tí ó mọ Ifá, pákó ìrúbọ ni ìwé ì bá máa pè é títí láé. Ìṣúra náà kò pé títí tí ìwé àti awo fi pàdé.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà, a rí irú rẹ̀. Àjọ Smithsonian, tí ó ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńláńlá ní Washington, ni ó tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tí Thomas Jefferson Bowen kọ jáde ní 1858. Ẹ jẹ́ kí a dúró ro ọdún yẹn wò. Ní 1858, ẹrú ṣì wà ní Washington. Ọdún 1862 ni a tó fi òfin dá wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Georgia, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú sí oko òwú, ni Bowen fúnra rẹ̀ ti wá. Orílẹ̀-èdè tí ó ń ta ènìyàn bí ẹran ni ó tẹ ìwé èdè baba wa, tí ó sì fi í sí ààrin àwọn iṣẹ́ ìmọ̀ tí ó kà sí iyebíye. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń rò pé àná ni a mú èdè Yorùbá dé Amẹ́ríkà yẹ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ìwé yìí.

Míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi ni Bowen. Ó dé ilẹ̀ wa ní 1850, ó gbé Abẹ́òkúta, ó gbé Ìjàyè, ó sì dé Ògbómọ̀ṣọ́. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀, ó kọ nípa Ọbàtálá, ó kọ nípa Ṣàngó, ó sì kọ nípa Ifá. Ní 1862, ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn tí ìwé náà jáde, ogun kó Ìjàyè, ìlú Kúrunmí sì di ahoro. Àwọn tí Bowen bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ fọ́n káàkiri. Ojúbọ tí ó rí di igbó. Nítorí náà, díẹ̀ nínú ohun tí ó wà nínú ìwé yẹn jẹ́ ẹ̀rí láti inú ìlú tí kò sí mọ́. Ẹni tí ó bá ní kí a sọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sínú iná nítorí pé òyìnbó ni ó kọ ọ́, ó ń ba ogun Ìjàyè parí iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Síbẹ̀, kí a má gbàgbé ẹni tí ẹlẹ́rìí yìí jẹ́. Bowen kò wá kọ́ òrìṣà. Ó wá kí ó lè mú wa kúrò nídìí rẹ̀ ni. Nígbà tí ó kúrò ní ilẹ̀ wa, ó kọjá sí Rio de Janeiro ní ilẹ̀ Bràsíìlì ní nǹkan bí 1860, pẹ̀lú ìrètí pé èdè Yorùbá tí ó gbọ́ yóò jẹ́ kí ó lè wàásù fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n jẹ́ ẹrú níbẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sọ pé ìsìn wa kò ní ìtumọ̀, kí a mọ̀ pé ohun tí ó bá wá ni ó ń sọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ orúkọ ewé, orúkọ oyè, tàbí bí àwọn ènìyàn ṣe ń bọ̀wọ̀ fún Ifá, èrè wo ni ó ní nínú rẹ̀ tí yóò fi purọ́? Ohun tí ẹni tí kò sí lẹ́yìn wa bá jẹ́wọ́ fún wa máa ń wúwo ju ohun tí ọ̀rẹ́ wa sọ lọ. Báyìí ni a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ wá ìwé lẹ́nu wò.

Ìwé mìíràn wà tí ó yẹ kí omi bọ́ lójú wa bí a bá ṣí i. Òun ni Polyglotta Africana, tí Sigismund Koelle, míṣọ́nnárì ará Jámánì, tẹ̀ jáde ní 1854. Ní Freetown ni ó ti kó o jọ, láti ẹnu àwọn tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú. Ó bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ kan náà ní èdè tí ó ju 100 lọ. Àwọn ènìyàn wa ni a ń pè ní Akú níbẹ̀ nítorí bí a ti ń kí ara wa. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbá wà níbẹ̀, ti Ìjẹ̀ṣà wà níbẹ̀, ti Ìjẹ̀bú, ti Ọ̀tà, ti Yàgbà, ti Ifẹ̀ àti ti Oǹdó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ó sì ṣe iyebíye jùlọ ni pé Koelle kọ orúkọ àwọn tí ó bá a sọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó sọ ibi tí wọ́n ti wá àti bí wọ́n ṣe kó wọn lẹ́rú. Ní ayé tí a ti ń ka ènìyàn sínú ìwé ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹrù, ìwé yìí dá wọn padà sí ọmọ ènìyàn tí ó ní orúkọ àti ìlú. Àwa tí a ń júbà egúngún ilé lójoojúmọ́, báwo ni a ṣe lè jẹ́ kí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé láìsí ẹnikẹ́ni nínú wa tí yóò pè é sókè?

Freetown yẹn kan náà ni a sọ Samuel Àjàyí Crowther kalẹ̀ sí ní 1822, lẹ́yìn tí a gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Èyí tí ó tún ṣe tí ó sì gbòòrò sí i jáde ní 1852, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ òwe tí ó fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀. Ọpẹ́ ńlá ni a jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n lára iṣẹ́ òun àti àwọn tí wọ́n jọ túmọ̀ Bíbélì ni a ti rí ewu tí ó wà níbẹ̀ bí ẹlẹ́rìí bá di adájọ́. Nígbà tí wọ́n wá orúkọ tí wọn yóò fi pe ọ̀tá Ọlọ́run nínú Bíbélì, Èṣù ni wọ́n mú. Ìpinnu àwọn atúmọ̀ ni. Kì í ṣe ohun tí babaláwo kankan kọ́ wọn. Lónìí, àìmọye ọmọ Yorùbá ni kò mọ Èṣù mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí ìwé dá sílẹ̀. Ẹ rí i pé kì í ṣe ìwé ni ó jẹ̀bi, bí kò ṣe àwa tí a kò jókòó tì í kí a bi í pé, "Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

Kì í ṣe ìwé tí a tẹ̀ nìkan ni ó wà ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Lorenzo Dow Turner, onímọ̀ èdè tí ó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, lọ sí Bahia ní 1940, ó sì gba ohùn àwọn àgbà Candomblé sílẹ̀ níbẹ̀. Lára wọn ni Martiniano Eliseu do Bonfim, babaláwo tí a bí ní Salvador tí ó sì ti gbé Èkó nígbà èwe rẹ̀. Àwọn ìwé àti àkọsílẹ̀ Turner wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Anacostia ti Smithsonian, ní ìlú Washington yẹn kan náà. Ní Miami, àwọn ìwé Lydia Cabrera, ọmọ Kúbà tí ó kọ El Monte ní 1954 àti ìwé ọ̀rọ̀ Lùkùmí tí ó pè ní Anagó ní 1957, wà ní láíbìrì yunifásítì ìlú náà. Ẹnu àwọn àgbà olórìṣà ni Cabrera ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ohun tí ó kọ. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín irú ẹlẹ́rìí yìí àti ti Weickmann: àwọn wọ̀nyí jókòó, wọ́n sì jẹ́ kí àgbà sọ̀rọ̀.

Níbí gan-an ni iṣẹ́ àwa tí a gbọ́ Yorùbá ti ṣe kókó jùlọ. Èdè olóhùn ni èdè wa, ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ kò sì ní àmì ohùn. Bí a bá rí "ogun" nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ Ògún tí a ń bọ, ó lè jẹ́ ogun tí a ń jà, ó sì lè jẹ́ ogún tí baba fi sílẹ̀ fún ọmọ. Òṣìṣẹ́ láíbìrì, bí ó ti wù kí ó mọ̀wé tó, kò lè mọ èyí tí ó jẹ́. Àwọn ará wa ní Kúbà ń wí pé omí tuto, a sì mọ̀ pé omi tútù ni. Wọ́n ń pe oñí, a sì mọ̀ pé oyin ni. Wọ́n ń wí pé moforibale, àwa náà a sì forí balẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ohun tí ó dà bí ègbè tí kò ní ìtumọ̀ lójú ẹlòmíràn, ohùn ìyá àgbà ni létí wa.

Kí èyí má sì mú wa gbéraga. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni àwọn ará wa ní Kúbà àti Bràsíìlì pa mọ́ tí ilé ti gbàgbé. Bí àwa bá mú èdè wá, àwọn yóò mú ìlò wá. Kí a jọ jókòó yí ìwé kan náà ká ni ó dára jù.

A mọ àtakò tí àwọn kan yóò gbé dìde. Wọn yóò ní, "Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọ̀nyí kún fún ohun tí a jí kó. Kí ni a ń wá níbẹ̀?" Òtítọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ohun mímọ́ wa kúrò nílé nípasẹ̀ ogun àti ìrẹ́jẹ, ẹ̀tọ́ wa sì ni láti bèèrè wọn padà. Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe máa bèèrè ohun tí a kò mọ̀ pé ó wà? Inú àwọn ìwé àkójọ àtijọ́ yẹn gan-an ni a ti lè mọ ohun tí ó jáde, ọdún tí ó jáde, àti ọwọ́ tí ó gbà á. Ẹni tí a jí ẹrù rẹ̀ kó kò gbọdọ̀ bá ìwé tí olè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ṣọ̀tá.

Ó ku ohun tí ìwé kò lè ṣe, a ó sì sọ ọ́ láìfi bọ̀. Ìwé kò lè tẹni nífá. Orúkọ ewé pọ̀ nínú El Monte, ṣùgbọ́n ewé orí bébà kì í ṣe ewé. Ẹni tí yóò já a, àkókò tí yóò já a, àti ọ̀rọ̀ tí yóò sọ sí i, ọwọ́ àgbà ni a ti ń gbà á. Bí ọ̀dọ́ kan bá ka ìwé tán tí ó wá ń bá olúwo rẹ̀ jiyàn, kí a má lé e, kí a má sì kígbe mọ́ ọn. Kí a bi í pé ìlú wo ni ẹni tí ó kọ ìwé náà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ta ni ó sọ ọ́ fún un, àti pé ṣé bí a ti ń ṣe é ní Ìjàyè ni a ń ṣe é ní ìlú tí ilé tiwa ti ṣẹ̀. Ìyàtọ̀ kì í ṣe irọ́. Ìbéèrè mẹ́ta yìí yóò kọ́ ọ ní ọgbọ́n ju ìbáwí lọ. Bákan náà, bí a bá bá ohun awo pàdé nínú ìwé, ohun tí a fi ìmùlẹ̀ gbà, kí ẹnikẹ́ni má ya àwòrán rẹ̀ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Pé ẹlòmíràn ti tú àṣírí kò túmọ̀ sí pé kí àwa náà máa fọ́n ọn ká.

Kí ni kí a ṣe? Kí ilé kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn mẹ́ta: àgbà kan tí ó mọ ìsìn, ẹnìkan tí ó gbọ́ èdè tí a fi kọ ìwé, àti ọ̀dọ́ kan tí yóò máa kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n kọ̀wé sí láíbìrì ṣáájú kí wọ́n tó lọ, nítorí pé irú àwọn ìwé yìí kì í sí lórí pẹpẹ gbangba. Kí wọ́n mú pẹ́ńsù dání, kì í ṣe bírò, kí ọwọ́ wọn sì mọ́. Kí wọ́n kọ àkọlé ìwé, ọdún rẹ̀, ojú ewé àti nọ́ńbà tí láíbìrì fún un, kí ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i. Bí wọ́n bá rí orúkọ tí a ṣì pè, kí wọ́n kọ àtúnṣe fún àwọn olùtọ́jú ìwé pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n mú ohun tí wọ́n rí wá sí iwájú àwọn àgbà ilé, kí àwọn náà sọ ohun tí wọ́n mọ̀, kí a sì kọ ti ẹnu wọn sí ẹ̀gbẹ́ ti ìwé.

Kí a sì rántí pé àwa náà ń kọ ìwé tí yóò di àtijọ́. Ìwé ètò ọdún Ọ̀ṣun tí a tẹ̀ ní ọdún tó kọjá, ìwé pélébé tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní oríkì, ohùn àgbà tí a gbà sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni a ń sọ nù bí a bá ti kó ilé. Bí àwa kò bá tọ́jú wọn, ní 150 ọdún sí i, ẹnu àlejò ni àwọn ọmọ wa yóò tún ti máa gbọ́ ìtàn wa.

Kí Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín, má jẹ́ kí ẹ̀rí wa parẹ́. Kí Èṣù Ọ̀dàrà ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tí yóò lọ wò ó. Kí àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni kò ṣí gbọ́ ohùn wa nígbà tí a bá pè wọ́n. Àṣẹ.